Abẹ Tí Kò Ní Àpá

Aṣọ ìnura ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi bo ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé eruku ló ń sá fún, nítorí ilé wa ní Igbó-Ọrà kò jìnnà sí títì, ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ohùn ń jáde lábẹ́ aṣọ náà: omi ń ru, ẹnì kan ń mí hẹlẹ, fèrè kan ń dún láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ náà dijú, ó dẹtí. Nígbà tó yá, ó na ìka kan sókè.

"Ẹ gbọ́ ọ, Àǹtí?"

Mo ní n kò gbọ́ ju omi lọ.

"Ibi tí mo gé nìyẹn. Ó ta pó."

Fídíò ló fi ń jẹun. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí. Láti Erúwà dé Ìgàngàn, kò sí ìlú Ìbàràpá tí kò tíì gbé kámẹ́rà wọ̀. Tí iṣẹ́ oníbàárà bá ti tán lálẹ́ ni ó máa ń ṣí iṣẹ́ kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ ní: ó ń tú fíìmù The Hobbit ká bí aṣọ, ó ń tún un rán kí ó lè bá ìwé tí wọ́n ti mú un jáde mu.

Òun kọ́ ló dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mike J. Nichols, tí gígé fíìmù jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles, mú fíìmù Star Wars tó jáde lọ́dún 1999, ó gé e kúrú, àwọn ènìyàn sì ń fi kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Èyí tó jẹ mọ́ ìwé ló wù mí jù. J.R.R. Tolkien, olùkọ́ ní Yunifásítì Oxford, tẹ The Hobbit jáde lọ́dún 1937, ọdún kan péré kí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà tó jáde. Ìwé kan ṣoṣo ni, orí 19 ló ní. Peter Jackson ọmọ New Zealand sọ ọ́ di fíìmù mẹ́ta: ìṣẹ́jú 169 lọ́dún 2012, 161 lọ́dún 2013, 144 lọ́dún 2014. Ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá yá lè ka ìwé náà tán kí fíìmù kẹta tó parí. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí fíìmù ìkẹyìn jáde, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní TolkienEditor ti gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ẹyọ kan tó jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, oníkálukú pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wo díẹ̀ nínú wọn. Ó ní wọ́n dára. Ó sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Ìwé ló kọ́kọ́ ṣí. Ẹ̀yìn ìwé náà ti já, ó fi séló lẹ̀ ẹ́. Ó ra ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé 80, ó fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ní apá òsì, ohun tí Tolkien sọ ní orí kọ̀ọ̀kan. Ní apá ọ̀tún, ibi tí ó wà nínú fíìmù. Bí ó ṣe ń kọ ọ́ nìyí: 1:12:40:07. Wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá, férémù. Ní àwọn ilé sinimá kan, férémù 48 ni wọ́n fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí àwo tó rà, 24 ni. Nítorí náà, ohun tí èmi ń pè ní "kíá" jẹ́ àwòrán 24 tó dúró jẹ́ẹ́ lójú tirẹ̀, ó sì mọ èyí tó fẹ́ nínú wọn.

Ohun tí kò sí nínú ìwé, báírò pupa ló fi ń kọ ọ́. Tauriel, ọmọbìnrin iwin igbó tó ń fẹ́ràn Kili, ọ̀kan nínú àwọn aràrá: pupa. Legolas, tí ìwé kò dárúkọ rárá: pupa. Azog, abàmì ọ̀tá tí wọ́n ń pè ní orc, tó ń lé àwọn aràrá kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: pupa, nítorí nínú ìwé, ẹnu Gandalf, àgbà oṣó inú ìtàn náà, la ti gbọ́ pé aràrá kan, Dain, ti pa á tipẹ́, ọmọ rẹ̀ Bolg ló wá jà. Nígbà tó fi ìwé náà hàn mí, àwọn ojú ewé kan pupa bí ẹni da epo sí wọn lórí.

Àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ló fi rà wọ́n. Òfin tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ láàárín ara wọn nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ wo àtúngé, kó ní ojúlówó nílé, kí ẹnikẹ́ni má sì tà á. Ó fi ètò kan tó ń jẹ́ MakeMKV yọ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà láì fún wọn pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní 30 GB. Bó ṣe ń yọ wọ́n lọ́wọ́ la jẹ àmàlà láfún pẹ̀lú ìlasa, a fọ abọ́, a tún jókòó kí ó tó parí ẹyọ kan.

Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ohùn fíìmù kì í gba ojú ọ̀nà kan. Ọ̀nà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni: iwájú òsì, iwájú ọ̀tún, àárín, ẹ̀yìn, àti ọ̀kan fún ohùn tó ń rọ́ bí àrá. Àárín ni ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń wà jù. Ó pa àwọn yòókù, ó ku àárín nìkan, mo sì gbọ́ ohùn Gandalf láìsí orin, láìsí afẹ́fẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín àwọn ọ̀nà ohùn wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé ṣe.

Gígé ńlá kò pẹ́. Ètò gígé fídíò kan, DaVinci Resolve, ló ń lò, ẹ̀yà rẹ̀ tí wọn kì í gbowó lé. Ó tẹ lẹ́tà B, ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà di abẹ. Ó gé lọ́tùn-ún, ó gé lósì, ó mú àárín kúrò. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni Tauriel fi kúrò láyé. Olóòlà tó kọ ilà fún bàbá bàbá mi fẹ́ kí ọwọ́ òun hàn. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ọmọ lọ bá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀, àfi kó tún un ṣe.

Lẹ́yìn gígé ńlá ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ojú rọrùn láti tàn ju etí lọ, mo sì gbà á gbọ́, nítorí ìlú ìbejì là ń gbé. Ó ṣe fídíò ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì kan lọ́dún kan. Ojú Táyé ló kọ́kọ́ fi hàn, ọwọ́ tó wá gé kéèkì lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ ti Kẹ́hìndé. Gbogbo ẹbí wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbádùn ara wọn. Ìyá wọn nìkan ló pè é lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n nínú fídíò kan náà, ó ti gé orin àwọn onífújì ní ìdajì ìlù, ibẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan tí kò ríran dáadáa mọ́ ti ké pé, "Ìlù já!" Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi aṣọ ìnura bo kọ̀ǹpútà.

Orin Howard Shore ló ń fún un ní wàhálà jù nínú fíìmù yìí, nítorí abẹ́ ọ̀rọ̀ ni orin náà máa ń gbà kọjá. Tí o bá yọ ọ̀rọ̀ kan, orin fò. Ọgbọ́n mẹ́ta ni mo rí i tó ń dá. Nígbà mìíràn, ó máa ń wá ibi tí ìlù ńlá bá ti lù, ó máa ń gé síbẹ̀, tí ariwo ìlù náà yóò fi bo ojú ọgbẹ́. Nígbà mìíràn, ó máa ń wá orin kan náà níbòmíràn nínú fíìmù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, ó máa ń gé e wá bí aránṣọ tó gé díẹ̀ lára etí aṣọ láti fi lẹ àárín. Èyí tó wù mí jù ni pé ó máa ń jẹ́ kí ohùn ṣáájú àwòrán. Àwọn aràrá ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n, a ti ń gbọ́ omi. Nígbà tí odò bá dé, etí ti débẹ̀ dè é.

Odò yẹn ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé, Bilbo, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, tó fi òrùka sọ ara rẹ̀ di aláìrí, ló kó àwọn aràrá sínú àgbá, ó tẹ́ koríko sí wọn lábẹ́, ó dé wọn ní ọmọrí, odò gbé wọn lọ. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí àgbá kan, ó tutù, ó ń gbọ̀n. Nínú fíìmù, àgbá ṣí sílẹ̀, orc wà létí odò lọ́tùn-ún lósì, Legolas ń fi orí àwọn aràrá ṣe àtẹ̀gùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò lè dé ọmọrí fún àgbá tí wọn kò dé. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ ìjà. Ó fi ibi tí ilẹ̀ ti yẹ̀ tí àgbá ṣubú sílẹ̀, ó fi omi tó ń hó sílẹ̀, ó fi ojú àwọn aràrá tó ń ya ẹnu sílẹ̀. Nínú àwòrán kan, èjìká orc yọ ní igun ọ̀tún, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó sọ àwòrán náà di ńlá pẹ̀lú ìdá 8 nínú 100, ó sún un díẹ̀, èjìká jáde. Tó bá jẹ́ ìdá 15, ó ní irùngbọ̀n wọn yóò dàrú bí òwú tó tú.

Àwòrán mọ́, ohùn kò mọ́. Idà ń ró ní gbogbo ọ̀nà ohùn. Ó da gbogbo rẹ̀ nù àyàfi èémí díẹ̀ ní àárín. Ó wá nílò omi. Ní ìgbà òjò, nígbà tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí títì Erúwà ti gba orí Odò Ògùn kọjá, ó fi ankáṣíìfù bo ẹnu fóònù kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ sí i, ó gba ohùn omi sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. New Zealand ni wọ́n ti ya àwọn aràrá yẹn. Omi tó gbé wọn báyìí, tiwa ni.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n kò dé. Nínú ìwé, gbogbo aràrá 13 ló jọ dé òkè tí ẹnu ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ wà. Nínú fíìmù, ọfà ba Kili, Fili àti Oin dúró tì í, oorun gbé Bofur lọ, 9 ló dé òkè. Kò sẹ́ni tó ya 13 níbẹ̀. Mo rí i tó ń fi ẹ̀yìn báírò ka orí wọn nínú àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn. Gbogbo àwòrán tó fẹ̀, tí ènìyàn lè ti kà wọ́n, ló yọ. Ó lo ojú, ọwọ́, bàtà lórí òkúta. Ó yọ àwọn mẹ́rin tó kù sẹ́yìn náà kúrò nínú ìlú tí dírágónì ń jó. Ó tún gé ibi tí wọ́n ti sáré dé òkè nínú fíìmù kẹta. Ó bi mí bóyá mo mọ iye àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní 13. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ti ẹyẹ tó sọ fún Bard, tafàtafà, ibi tí yóò ta lọ́fà lára dírágónì, kò rí ọgbọ́n kankan dá sí i. "Kò sí" ló kọ síwájú rẹ̀ nínú ìwé ìkọ̀wé, ó sì ṣí ojú ewé. Mo rí "kò sí" bíi méjìlá nínú ìwé náà. Kò fi pupa kọ wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ tó na ìka sókè yẹn, ó ká aṣọ ìnura, ó fa ìlà ohùn náà tóbi títí ó fi dà bí eyín ayùn. Ó ní kí n wo ibi tí ohùn méjèèjì ti pàdé. Ọ̀kan parí lókè, èkejì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ohùn ṣe fò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló mú kí ó ta pó. Kò fọwọ́ kan àwòrán. Ó sún ohùn nìkan, kò tó férémù kan, títí àwọn méjèèjì fi pàdé lórí ìlà àárín. Ó tẹ́ férémù méjì sórí rẹ̀, tí ohùn àkọ́kọ́ ń kú lọ bí èkejì ṣe ń jí. Ó fi aṣọ ìnura bò ó padà, ó tẹ bọ́tìnnì.

Mo gbọ́ omi, mo gbọ́ èémí, mo gbọ́ fèrè. Ó dijú. Ìka rẹ̀ kò gbéra.