Fífá Ni Ọrun

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ọrun ṣíṣe kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń fá igi lọ́wọ́. Arúgbó kan ni, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òkúta ìbọn ti sin sínú ilẹ̀ ẹfun bí ẹ̀pà inú ebè. Orúkọ ni àwọn tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ń pè é. Ẹnu mi kò gbà á. Bàbá ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ mi.

Òkúta ìbọn yẹn la fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe irin. Ẹni tó bá ti gbé àáké òkúta rí ti mọ bí a ṣe ń gé igi, bí a ṣe ń là á, bí a ṣe ń jẹ́ kó gbẹ. Fífá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

A kì í fi òkúta kan ẹ̀yìn ọrun, ìyẹn ojú tó kọ sí ohun tí a fẹ́ ta. Igi tó wà lábẹ́ èèpo níbẹ̀ ló ń gba gbogbo fífà. Bí a bá gé e já níbì kan, ibẹ̀ ni ọrun yóò ti ṣẹ́. Ikùn rẹ̀, tó kọjú sí tafàtafà, la ń fá. Mú èérún òkúta tuntun, pẹlẹbẹ, ẹlẹ́nu mímú. Má fi gé igi o. Gbé e nàró, kí o máa fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ. Eruku àti fọ́nrán tín-ín-rín ni yóò máa bọ́. Bó bá ń lọ geere, á máa dún ṣáá, ṣáá. Bó bá kan kókó, á ta kàkà. Etí ni Bàbá fi ń mọ̀.

Fá díẹ̀, kí o tẹ ọrun wò. Ibi tí kò tẹ̀, ibẹ̀ ni kí o fá. Ibi tó tẹ̀ jù, má fọwọ́ kàn án mọ́. Ìyókù ni kí o fá títí yóò fi bá a dọ́gba. Bí o bá ti fá a, tún rọra tẹ̀ ẹ́ léraléra kí o tó dájọ́, torí igi kì í tètè fi ohun tí a mú kúrò lára rẹ̀ hàn. Bàbá á gbé e síwájú ògiri funfun, á di ojú kan, á ní: “Apá òsì ń purọ́.” Òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Èmi á wò ó títí, n kò ní rí nǹkan kan, àfi ìgbà tó bá fi àtàńpàkò mi lé ibẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ọrun igi elm tí wọ́n rí ní Holmegaard, ní Denmark, ní 1944, ti tó nǹkan bí 9,000 ọdún. Kò sí irin nígbà náà. Ti Ötzi, ọkùnrin tí yìnyín pa mọ́ sórí òkè Alps títí di 1991, gùn ní mítà 1.82, ojú ibi tí àáké ti gé e ṣì wà lára rẹ̀. Kò tíì fá a tán tí ikú fi dé.

Lónìí, ẹ̀rọ oníná ni wọ́n ń gbé lé igi lórí, wọ́n á ní àwọn ṣe ọrun láàárín ọ̀sán kan. Ẹ̀rọ yára, àmọ́ ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ kókó. Kí o tó mọ̀ pé ibì kan ti fẹ́lẹ́ jù, ó ti bàjẹ́.

Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrún dọ̀pá. Èmi ní ọrun tí a kò fá dáadáa, ọ̀pá ni, bí ọsán tilẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìwọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, pa ẹ̀rọ yẹn, kí o lọ wá òkúta.