Ọwọ́ Tó Ń Tọ́jú Orí Afọ́nmi

Orí afọ́nmi wà lára ohun tí ojú kì í tètè rí níwájú ilé ní Dallas. Ó fara sin sáàárín koríko, ìdérí rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ní ìdájí, fáálù á ṣí lábẹ́ ilẹ̀, omi á kún páìpù, ọ̀pá rọ́bà oní-ínṣì mẹ́rin á yọrí láti inú ihò rẹ̀, omi á sì tẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Bí fáálù bá ti pa dé, sípíríǹgì á fa ọ̀pá náà padà sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò mọ iye irú orí bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ọgbà wọn, àfi ọjọ́ tí koríko bá gbẹ lójú kan, tàbí tí omi bá ń ṣàn lọ sí títì.

Ọmọ Ìbàdàn kan ló kọ́ mi bí a ṣe ń wò ó. Ó ti pẹ́ ní Texas, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń jẹun. Òfin ìpínlẹ̀ náà ni pé ẹni tó bá máa gbowó fi ẹ̀rọ ìbomirin sílé ẹlòmíràn, tàbí tó máa tún un ṣe, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ TCEQ, àjọ tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀. Òfin náà kò mú onílé tó ń tún ti ara rẹ̀ ṣe. Mo ti tẹ̀ lé e káàkiri ilé àwọn mọ̀lẹ́bí àti ojúlùmọ̀ wa, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí.

Bí ó bá dé ilé kan, kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Á lọ sídìí ẹ̀rọ alákòóso tó wà lára ògiri gáréèjì, á ṣí omi apá kan ọgbà, á sì rìn yí i ká. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá kejì, títí dé èyí tó kẹ́yìn. Orí tí nǹkan bá ń ṣe, á ki asíá pélébé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìrìn yìí ni mo kà sí ògidì iṣẹ́ náà, nítorí gbogbo àìsàn orí afọ́nmi ló ní àmì nínú omi. Èyí tí omi rẹ̀ ń di kùrukùru kí ó tó balẹ̀, agbára tó ń ti omi jáde ló pọ̀ jù. Nǹkan bíi páùn 30 lórí ínṣì kan níbùú lóròó ni irú orí yìí ń fẹ́. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ gan-an, atẹ́gùn ni yóò máa gbé omi náà lọ. Èyí tí omi ń sun nídìí rẹ̀, ìdọ̀tí ti há sí òrùka rọ́bà tó yí ọ̀pá rẹ̀ ká, tàbí kí òrùka náà ti jẹ. Èyí tí omi rẹ̀ là sí méjì láàárín, nǹkan ti dí i lẹ́nu. Èyí tó ń bomi rin ọ̀nà mọ́tò, ẹnu rẹ̀ ló ti yí. Èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ri koríko tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á sì fi ti ọ̀ọ́kán sílẹ̀ fún oòrùn.

Lẹ́yìn tó bá ti pa omi, kì í kúrò níbẹ̀. Á lọ dúró ti orí tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọgbà nísàlẹ̀ pátápátá, á máa wò ó. Bí omi bá ṣì ń yọ́ jáde níbẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo omi tó kù nínú páìpù ló ń gba ibẹ̀ jò dànù ní gbogbo ìgbà tí afọ́nmi bá ṣiṣẹ́ tán. Orí tó ní ìdènà kékeré nísàlẹ̀ ló máa ń fi rọ́pò irú èyí. Mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó ń ní sùúrù dúró wo ìyẹn.

Àjọ EPA ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé orí kan ṣoṣo tó fọ́ lè fi omi tó tó gálọ́ọ̀nù 25,000 ṣòfò láàárín oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń bomi rin koríko. Omi mímu ni o, omi tí ìlú ti náwó sẹ́. Ẹni tó bá ti ru garawa láti ìdí kànga rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìyá kan ní Garland, lẹ́bàá Dallas, ní kí ọmọ Ìbàdàn náà pààrọ̀ gbogbo orí tó wà níwájú ilé òun. Ó kúnlẹ̀ ti ọ̀kan, ó wò ó dáadáa, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má náwó yín dànù. Mẹ́ta péré ló bàjẹ́. Ìdọ̀tí ló di àwọn yòókù lẹ́nu.” Ìyá náà ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi? Ẹni tó wá níjọ́sí ní kò sí ọ̀nà míì.” Kò fèsì sí ti ẹni ìjọ́sí. Ó ti ń fi omi ṣan ìdí èyí tó kọ́kọ́ fẹ́ tú.

Ó ní ohun tó mú kó kọ́kọ́ ṣan án bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fa ọ̀pá náà sókè láìkọ́kọ́ fọ iyẹ̀pẹ̀ tó yí i ká kúrò, iyẹ̀pẹ̀ yẹn ni yóò já bọ́ sínú ihò, iṣẹ́ á sì di méjì. Á wá fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá náà mú kí sípíríǹgì má fà á padà, á fi ọwọ́ ọ̀tún yí ẹnu rẹ̀ kúrò, á sì fa asẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ jáde. Inú asẹ́ yìí ni yanrìn, gbòǹgbò tín-ín-rín àti àjákù rọ́bà máa ń pọ̀ sí. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́ nínú abọ́ omi. Bí omi líle ìlú bá ti fi funfun bò ó, á rẹ ẹ́ sínú fínígà. Kì í ki wáyà bọ ẹnu afọ́nmi láéláé. Ó ní bí wọ́n ṣe gé ihò yẹn ni omi ṣe ń tẹ́. Bí wáyà bá ha á lẹ́tì, kò ní tẹ́ dáadáa mọ́.

Nígbà tí ẹnu gbogbo wọn bá wà nílẹ̀, á ṣí omi. Omi á ru sókè láti inú àwọn ọ̀pá tó ṣí sílẹ̀, ní pípọ́n, títí yóò fi mọ́. Ìgbà yẹn ló tó dá ẹnu wọn padà. Súkúrù kékeré kan wà lórí ẹnu kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń dín bí omi ṣe ń jìnnà kù, ọ̀pọ̀ onílé ló sì ń yí i títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó dára bí ó bá dín ìdá kan nínú mẹ́rin kù. Bí ó bá fẹ́ dín jù bẹ́ẹ̀ lọ, á yọ ẹnu náà sọ nù, á fi èyí tí a ṣe fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá rọ́pò ti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fara mọ́ ọn. Súkúrù yẹn ti ba koríko jẹ́ ju ọ̀dá lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń wò ó jù lọ ni bí ó ṣe ń gbé orí tó ti rì sókè. Ilẹ̀ amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ Dallas. Bí òjò bá rọ̀, á wú; bí oòrùn oṣù Kẹjọ bá mú un, á sán. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á máa rìn. Orí afọ́nmi á fì, á wọlẹ̀, koríko á bò ó, ọ̀pá oní-ínṣì mẹ́rin á yọrí tán kò sì ní rí ìta. Á fi ṣọ́bìrì gé koríko náà lójú mẹ́rin, á ká a ní odindi, á tẹ́ ẹ sórí tàpólì, á da iyẹ̀pẹ̀ tó bá wú sórí tàpólì kan náà. Bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ó kan páìpù, á ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, á máa fi ọwọ́ wa ilẹ̀.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ilé náà. Ẹlòmíràn á de orí mọ́ páìpù líle tààrà. Táyà mọ́tò kan tó bá gun orí náà, páìpù ló máa fọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Èyí tó mọ iṣẹ́ ti fi páìpù kékeré tó ń tẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí ohun wúwo bá tẹ orí, yóò fún un láyè láti rọ́ wọlẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá bá irú rẹ̀ níbẹ̀, á fi ọ̀kan sí i kí ó tó bo ilẹ̀, yálà onílé mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ìdérí orí náà gbọ́dọ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Ojú ilẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe orí koríko. Bí ó bá ga jù, ẹ̀rọ ìgékoríko á bẹ́ ẹ lórí. Á dá iyẹ̀pẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á tún bu díẹ̀ sí i, á tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà á dá koríko padà sí ojú mẹ́rin rẹ̀, á sì bomi rin ín. Mo ti padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá ojú ibi tó gbẹ́, mi ò sì rí i. Àwọn kan gbà gbọ́ pé òrùka kọnkéré tí wọ́n ń fi yí orí ká ti tó ìdáàbòbò. Ó wúlò lẹ́bàá ọ̀nà mọ́tò, níbi tí ẹ̀rọ agétí ti ń kọjá, ṣùgbọ́n kò lè gba orí tó ga jù sílẹ̀. Ibi tí koríko St. Augustine bá ti ga lábẹ́ igi, ọ̀pá oní-ínṣì mẹ́fà ló máa ń fi síbẹ̀, kí omi lè borí ewé.

Afọ́nmi tí àwọn àgbẹ̀ ń lò, èyí tó ń yí pẹ̀lú ìró ta-ta-ta, kò ní ìṣòro ìfarapamọ́ yìí. Orton Englehart, àgbẹ̀ ọsàn ní Glendora ní California, ló ṣe é, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1935. Afọ́nmi yìí ló bí iléeṣẹ́ Rain Bird. Orí òpó ló máa ń dúró sí, gbogbo ayé á sì rí i bí ó bá dákẹ́. Ti ọgbà ilé ló nílò ẹni tó máa wá a lọ.

Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ ni agolo. Á to agolo ẹja tó ti ṣófo káàkiri koríko, á ṣí omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sì fi rúlà wọn ohun tó wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan. Orí tó ń tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ lè da nǹkan bí ínṣì kan àbọ̀ ní wákàtí kan. Èyí tó ń yí, tí omi rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju nǹkan bí ìdajì ínṣì lọ. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ sórí fáálù kan ti dá ẹjọ́ ikú fún apá kan koríko rẹ̀. Amọ̀ dúdú kì í sì í mu omi kíákíá, nítorí náà ó máa ń pín àkókò sí wẹ́wẹ́: ìṣẹ́jú díẹ̀, ìsinmi, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Òfin Dallas kò gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti oṣù Kẹrin dé ìparí oṣù Kẹwàá kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi afọ́nmi bomi rin láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń ṣètò ẹ̀rọ alákòóso sí ìdájí, nígbà tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù bo Texas, omi dì, àìmọye páìpù ló bẹ́. Láti ìgbà náà, bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí, ó máa ń pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti rán wọn létí bí wọ́n ṣe máa pa omi ọgbà, bí wọ́n ṣe máa ṣí àwọn ẹnu kékeré ara ìdènà tí kì í jẹ́ kí omi ọgbà padà sínú omi mímu, kí èyí tó wà nínú rẹ̀ lè dà jáde, àti bí wọ́n ṣe máa fi aṣọ wé e. Kì í gbowó lórí ìpè yẹn. Èyí tó bá jẹ́ àgbàlagbà tí kò lè bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ bá wọn ṣe é.