Àwo-orin Àkọ́kọ́ Àwọn Ibeyi: Ṣé Yorùbá Nìyí?

Orúkọ àwo-orin: Ibeyi
Àwọn olórin: Lisa-Kaindé Díaz àti Naomi Díaz
Ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde: XL Recordings, 2015

Ìbejì ni Lisa-Kaindé àti Naomi. Ìlú Paris ni wọ́n bí wọn sí ní ọdún 1994. Ará Kúbà ni bàbá wọn, Miguel "Angá" Díaz, onílù pàtàkì tó kú ní 2006. Ìyá wọn, Maya Dagnino, jẹ́ ọmọ Faransé àti Fẹnẹsúélà. "Ibeyi" ni àwọn ará Kúbà ń pe ìbejì. Kaindé náà, Kẹ́hìndé wa ni.

Lisa ló ń tẹ dùùrù. Naomi ló ń lu bàtá àti cajón, ìyẹn àpótí onígi tí onílù máa ń jókòó lé. Richard Russell, tó bá wọn ṣe àwo náà, fi ẹ̀rọ kún un díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn àwọn méjèèjì kò bò mọ́lẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú orin wọn, Yorùbá sì ń yọjú láàárín. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn wà. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ní kíláàsì, a ti mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Tí a bá wá gbọ́ àwọn ọmọ yìí, tí a ò gbọ́ dò-rè-mí tí a mọ̀, ó rọrùn láti sọ pé wọ́n ṣì í pè. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lùkùmí ni wọ́n ń kọ. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Kúbà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá èdè Spéènì gbé. Spéènì kì í fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ohùn yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ òrìṣà kò parẹ́, orin tí wọ́n fi ń kí wọn náà kò parẹ́.

Àléébù tí mo rí yàtọ̀ sí ìyẹn. Nígbà mìíràn, Yorùbá inú àwo yìí máa ń dà bí ẹ̀ṣọ́ lásán. Nínú "Mama Says", Gẹ̀ẹ́sì ló ru ìbànújẹ́ ìyá wọn. Nínú "Yanira", Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi ń bá ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú sọ̀rọ̀. Bàtá náà ì bá tún sọ̀rọ̀ ju báyìí lọ.

"River" ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di àdúrà sí odò, nítorí náà nígbà tí orin Ọ̀ṣun bá dé ní ìparí, kò dà bí àlejò rárá. Èdè méjèèjì ń bẹ ẹnì kan náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ "River" lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wá àmì ohùn níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kì í ṣe Yorùbá, kí ó sọ fún wa ọmọ ta ni.