Ta Ló Fún Sàtánì Ní Orúkọ Èṣù?

Nígbà tí a fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, wọ́n ní kí olúkúlùkù wa mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá sí iléèwé. Bàbá mi ti lọ síbi iṣẹ́, màmá mi sì ti lọ sí ọjà Ìkòtún, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo tú àpótí tí wọ́n ń kó ìwé pamọ́ sí nínú ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ìwé tí mo ń wá kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Ìwé owó orí àtijọ́ kan ni, etí rẹ̀ ti ya, orúkọ bàbá bàbá mi ló sì wà lórí rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ ìdílé náà bá tiwa mu, ṣùgbọ́n ìdajì àkọ́kọ́ yàtọ̀. Níbi tí tiwa ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Olú", "Èṣù" ló wà níbẹ̀.

Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, nítorí bàbá mi yóò ka ìwé yìí. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè lálẹ́, wọ́n ní kí n dá ìwé náà padà síbi tí mo ti mú un. Ìgbà tí a jẹun tán ni wọ́n tó ṣàlàyé. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, pásítọ̀ tó fẹ́ so àwọn àti màmá mi pọ̀ sọ pé òun kò lè pe orúkọ Sàtánì níwájú pẹpẹ. Bàbá mi lọ búra ní kóòtù, wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, Èṣù di Olú. Bàbá àgbà ṣì wà láyé nígbà náà. Wọ́n wá síbi ìgbéyàwó, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbọ́ orúkọ tuntun tí wọ́n fi pe ọmọ wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé ta ló sọ pé Èṣù ni Sàtánì. Ifá kò sọ ọ́, Jésù náà kò sì sọ ọ́. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ni. Nítorí náà ìwé tí mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ nínú àròkọ yìí ni Bíbélì Yorùbá. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe bínú sí mi. Ọmọ ìjọ ni mí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo fẹ́ dá lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Kò sí ẹni tí kò mọ Samuel Àjàyí Crowther láàárín wa. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ó sì ṣe ìrìbọmi níbẹ̀ ní 1825. Ní 1843 tó di àlùfáà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde. Ní 1850, Ìwé Róòmù jáde ní èdè wa. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun, Thomas King àti àwọn míì ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, títí Bíbélì fi pé lódindi ní 1884. Iṣẹ́ ńlá ni. Yorùbá tí mo fi ń kọ àròkọ yìí, lára iṣẹ́ wọn ló ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó kọ ọ́.

Ìṣòro wọn ni pé àwọn ohun kan wà nínú Bíbélì tí Yorùbá kò tíì ní orúkọ fún. Ibi tí wọ́n ti lọ yá orúkọ ló yà mí lẹ́nu jù. Ní àdúgbò wa, mọ́ṣáláṣí kan àti ṣọ́ọ̀ṣì méjì ló wà ní ojúlé tó tẹ̀ lé ara wọn, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sì ń bá ara wọn jà ní ìdájí. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. "Àdúrà" tí a ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti gbọ́ ọ, láti inú èdè Lárúbáwá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ìwàásù" àti "àlàáfíà". "Àlùfáà" tí Bíbélì fi pe Árónì jẹ́ ọmọ ìyá "ààfáà" tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé kéú. "Wòlíì" náà, Lárúbáwá ni, ẹni tó sún mọ́ Ọlọ́run ló túmọ̀ sí níbẹ̀. Tí àwọn Mùsùlùmí bá fẹ́ sọ ohun tí àwa ń pè ní wòlíì, "Ànábì" ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀sìn Ìmàle ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́ kí ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ tó dé, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti wà lẹ́nu ará ilú. Crowther fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tó kó òun lẹ́rú. Síbẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ wọn. Mo gba tirẹ̀ gan-an lórí èyí.

Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe rò pé wọ́n kàn pa á tì. Nínú Ìwé Léfítíkù, "ẹbọ" ni wọ́n pe ohun tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń rú sí Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ kan náà tí babaláwo ń sọ. "Ètùtù" ni wọ́n pe ohun tí àlùfáà ń ṣe fún ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn. "Olódùmarè", tí Ifá ń pè lójoojúmọ́, wà nínú Ìwé Jẹ́nẹ́sísì gẹ́gẹ́ bí orúkọ Ọlọ́run Ábúráhámù. Tí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì bá gbọ́ "ẹbọ" lójú pópó, á fi ọwọ́ lé orí, á ní "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Tó bá dé inú ilé, á ka ọ̀rọ̀ kan náà nínú Bíbélì rẹ̀, á sì ní "Àmín". (Màmá mi wà lára wọn.) Ẹbọ, ètùtù àti Olódùmarè wọ inú Bíbélì pẹ̀lú iyì wọn. Èṣù nìkan ni wọ́n mú wọlé láti wá fi jẹ́ ọ̀tá.

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ míì tí wọ́n lè lò. Mo ṣí Bíbélì láti wò ó, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ míì wà. Nínú Ìwé Jóòbù orí kìíní, ẹni tó wá síwájú Ọlọ́run láti fẹ̀sùn kan Jóòbù ń jẹ́ Sàtánì ní Yorùbá. Nínú Mátíù orí kẹrin, Èṣù ló dán Jésù wò nínú aginjù, ṣùgbọ́n nígbà tí Jésù lé e lọ, Sàtánì ni Jésù pè é. Orí kan náà ni o! Ọ̀rọ̀ méjì tó wà nínú èdè Gíríìkì ni wọ́n fẹ́ fi ìyàtọ̀ sí. Wọ́n fi èyí tó jẹ́ orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì fi òrìṣà wa dípò èkejì, tó túmọ̀ sí abanijẹ́. Yorùbá ní "abanijẹ́", ó ní "ẹlẹ́tàn", ó ní "ọ̀tá". Èyíkéyìí nínú wọn ì bá ṣe é lò, kò sì ní ba orúkọ ìdílé kankan jẹ́.

Ta wá ni Èṣù lọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ ọ́? Ìyá àgbà mi, tó ń gbé ní Ìgàndó, tó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ló kọ́kọ́ là mí lóye. Wọ́n ní, "Oníṣẹ́ ni, ọmọ ọmọ mi. Tí a bá rúbọ tí Èṣù kò bá gbé e, ẹbọ kò dé ọ̀run." Oríta ni àyè rẹ̀. Tirẹ̀ máa ń wà nínú gbogbo ẹbọ. Epo pupa ni oúnjẹ rẹ̀, àdín ni èèwọ̀ rẹ̀. Olódùmarè ló ń rán an níṣẹ́, kò bá Olódùmarè jà rí. Nínú ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́, Sàtánì jẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n lé kúrò lọ́run. Nínú Kùránì, Ìblíísì kọ̀ láti forí balẹ̀ fún Ádámù, ìgbéraga ló bà á jẹ́. Ẹ̀sìn méjèèjì yìí fẹnu kò pé ọ̀tá kan wà tó kọ ẹ̀yìn sí Ọlọ́run. Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kò ní irú ọlọ̀tẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n wá ẹni tí wọn yóò fi sí àyè náà, ìránṣẹ́ ni wọ́n mú.

Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín pé Èṣù jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn ọ̀rẹ́ méjì tí oko wọn jọ pààlà, tí Èṣù gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú fìlà tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúdú, tí èkejì pupa. Àwọn méjèèjì jà títí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn lórí àwọ̀ fìlà. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìtàn yìí lè rò pé Crowther kò ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n ẹ wo Sàtánì inú Jóòbù dáadáa. Òun náà wà láàárín àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún Ọlọ́run, ó gba àyè kó tó dán ènìyàn wò. Ibẹ̀ gan-an ni Sàtánì ti jọ Èṣù jù, ibẹ̀ sì ni àwọn atúmọ̀ kò ti pè é ní Èṣù!

Ohun tí ìtumọ̀ yìí bàjẹ́ nìyí, lójú tèmi. Tí a bá fẹ́ fi ẹ̀sìn wéra, ìbéèrè tó dára ni pé, ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ ènìyàn lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run? Àwa Kírísítẹ́nì ń sọ pé Jésù ni, pé ẹbọ tirẹ̀ ti parí gbogbo ẹbọ. Àwọn Mùsùlùmí ń pa àgbò nígbà Iléyá, ṣùgbọ́n Kùránì sọ pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, ìbẹ̀rù Rẹ̀ tó wà lọ́kàn ni. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń sọ pé Èṣù ló ń gbé e. Èrò mẹ́ta tó yàtọ̀ nìyí, a lè jókòó jíròrò lórí wọn, kí olúkúlùkù sì di tirẹ̀ mú. Mo di tèmi mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ wa sọ nínú kíláàsì pé ká fi ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, ọ̀rẹ́ mi kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé "àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń sin Sàtánì", ó sì gba máàkì. Kò purọ́. Bó ṣe wà nínú Bíbélì rẹ̀ ló ṣe kọ ọ́.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún olùkọ́ wa. Wọ́n fún mi ní èsì tó le. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ máa ń yí padà, pé tí ènìyàn bá sọ pé "iṣẹ́ Èṣù ni" lónìí, kò sí ẹni tó ń ronú nípa oríta àti epo pupa mọ́, kódà Mùsùlùmí náà ń pe Ṣàítánì ní Èṣù tó bá ń wàásù. Òótọ́ ni. N kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè fà á padà kúrò lẹ́nu ará ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ Èṣù ṣì wà láàyè, wọn kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà yí padà. Bọ́lájí Ìdòwú, tó wá di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962 pé Èṣù kì í ṣe Sàtánì inú Májẹ̀mú Tuntun. Ojíṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n, wọn kò torí bẹ́ẹ̀ di abọ̀rìṣà.

Ibòmíràn kò sì rí i bí a ṣe rí i. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé Èṣù lọ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ Ẹlẹ́gbára, wọ́n ń pè é ní Eleguá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ẹni mímọ́ inú ìjọ Àgùdà tí wọn yóò fi ṣe ìkejì rẹ̀, Jésù ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní Santo Niño de Atocha, ni ọ̀pọ̀ wọn mú. Ní Brazil, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi Exu wé Sàtánì bíi tiwa. Òrìṣà kan ṣoṣo, ó di Jésù ọmọ-ọwọ́ ní ilẹ̀ kan, ó di Sàtánì ní ilẹ̀ kejì. Ọwọ́ ẹni tó ń túmọ̀ ló wà.

Ní Èkó tiwa níbí, ọba kan jẹ tó ń jẹ́ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba òyìnbó lé e kúrò lórí oyè ní 1925, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ó pe ẹjọ́ títí dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ó borí ní 1931, ó sì padà sí Èkó. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń ka ẹjọ́ náà títí dòní pẹ̀lú orúkọ Èṣù lórí rẹ̀. Kò sí adájọ́ tó ní kó lọ yí orúkọ padà kí òun tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n wò nínú ìdílé wa ni ilé tí ìyá kan ti wá ọmọ tì, tó lọ bẹ Èṣù, tó sì bí. Bí ìyá àgbà ṣe gbọ́ ọ náà nìyẹn nígbà tí wọ́n di ìyàwó ilé.

Lóṣù Kejìlá ọdún yìí ni ìsìn ìrántí bàbá àgbà, ó pé ọdún 10 tí wọ́n ti kú. Èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà lò jù nílé, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n tẹ ìwé ètò ìsìn náà. Bàbá mi fẹ́ kí "Olú" wà níwájú ìwé náà. Ìyá àgbà ní àwọn kò fẹ́ ọkùnrin kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, pé bí wọ́n bá tẹ orúkọ yẹn, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò jókòó sí àga opó. Mo ti tẹ orin, mo ti tẹ Bíbélì kíkà, mo ti fi àwòrán bàbá àgbà sí i. Mo mú ìwé owó orí yẹn jáde nínú àpótí lálẹ́ àná, mo gbé e sórí tábìlì níwájú bàbá mi. Wọ́n kà á fún ìgbà pípẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò ní kí n dá a padà.