Ta Ni Yóò Ki Hòtẹ́ẹ̀lì Orí Òkè?

Bí akéwì bá ní òun ń ki ènìyàn, tó jẹ́ orúkọ àwọn àlejò tó ti jẹun nílé onítọ̀hún nìkan ló ń kà sílẹ̀, tí kò mẹ́nu ba ìrísí rẹ̀, tí kò sọ ìwà rẹ̀, ẹ̀yin náà á ní kò tíì ki ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nígbà tí wọ́n mú àwa kan fẹsẹ̀ rìn yí Premier Hotel ká, lórí òkè Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló burú o. Bọ̀ọ̀dá tó ń mú wa kiri lóhùn, ó sì láwàdà. Ẹsẹ̀ la fi gun òkè náà. Nígbà tá a débẹ̀, ó ní ká yíjú padà ká wo páànù Ìbàdàn nísàlẹ̀, ó wá dákẹ́. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ó sọ fún wa pé 1966 ni wọ́n ṣí hòtẹ́ẹ̀lì náà, àti pé ó ti di ti Odù'a, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976.

Látìgbà tá a ti wọlé, orúkọ èèyàn ńlá ló kù. Ọ̀gágun báyìí sùn síbí, olóṣèlú báyìí jókòó sọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí tí ilé náà fi gùn gbọọrọ, tí kò sì nípọn. Ilé tí kò bá nípọn, atẹ́gùn á gba ojú fèrèsé kan wọlé, á gba òdìkejì jáde. Bákónì ń gba oòrùn àti òjò dúró kó tó kan ògiri, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe ń ṣe nínú agbo ilé bàbá wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Mellanby àti Tedder, ara yín mọ ọgbọ́n yìí. Maxwell Fry àti Jane Drew tó yàwòrán họ́ọ̀lù yín kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1956. Mi ò ní àwọn ló ya ti hòtẹ́ẹ̀lì o. Oòrùn kan náà ni gbogbo wọn ń sá fún.

Ẹnì kan lè ní ìtàn èèyàn ńlá làwọn èrò fẹ́. Lóòótọ́, orúkọ èèyàn kún inú oríkì. Àmọ́ nínú oríkì, orúkọ kì í dá rìn. Ìṣe àti ìrísí ló ń bá a rìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ilojo Bar ní Tinúbú, l'Ékòó, ilé ọlọ́nà Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Mélòó nínú wa ló lè sọ bí fèrèsé rẹ̀ ṣe rí? Ẹni tá ò mọ ojú rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ sunkún rẹ̀ pẹ́?

Bí wọ́n bá tún mú wa lọ, kí bọ̀ọ̀dá wa dákẹ́ nínú ilé náà bó ṣe dákẹ́ níta. Kó ní ká fọwọ́ kan ògiri, ká wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó sọ ẹni tó sùn síbẹ̀. Ìyókù dọwọ́ àwa tá à ń pe ara wa ní akéwì.