Àlọ́ Àpamọ̀ Kí Ẹ̀kọ́ Tó Bẹ̀rẹ̀: Àtúnyẹ̀wò Iṣẹ́ Tí Ó Ń Ṣe Nínú Agbo

Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1984, Features of Yoruba Oral Poetry, ka àlọ́ àpamọ̀ mọ́ ewì alohùn Yorùbá, ó gbé e jókòó pẹ̀lú oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀ àti òwe. Ìdájọ́ yìí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kò wò ju ìhun lọ. A kò bèèrè ìdí tí àlọ́ àpamọ̀ fi máa ń ṣáájú àlọ́ àpagbè.

Èrò tiwa ni pé ìpéjọ ni ó fà á. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọdé kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ṣì ń fọ abọ́, òmíràn lọ pọnmi. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé ìdí àlọ́ àpagbè ti pàdánù ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àti orin tí yóò máa gbè. Àlọ́ àpamọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àlọ́ awẹ́ obì tí a ń jẹ títí dé Ọ̀yọ́, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ahọ́n, dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èyí tí ó ṣáájú lè já a. Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, wọn a sọ fún un lójú ẹsẹ̀, wọn a pa òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí á gbé èyí lọ sí kíláàsì yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ti Mowe tàbí Ibafo lọ sí Akọka, ọwọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópó Èkó sí Ìbàdàn ni ó wà. Ẹni tí ó ń ti Ìfọ̀ bọ̀, ọ̀nà Abẹ́òkúta ni yóò dá a dúró. Àwọn tí ó tètè dé a jókòó, wọn a máa wo fóònù. Olùkọ́ mìíràn a fi orúkọ pípè dí àlàfo náà, èyí tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ lórí àfiwé ni a fẹ́ kọ́, kí ó kọ àlọ́ ọmọ tí kò bẹ̀rù òkun àti ọ̀sà tí ń hó sí ojú pátákó. Ọmọrogùn ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé bí ìkòkò ọkà ṣe di òkun. Ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Máàkì kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́: bí a bá ti fi máàkì sí i, ẹni tí ọkọ̀ dá dúró di ẹlẹ́bi, àlọ́ sì di ìdánwò.

Àtakò tí ó le jù ni pé a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Àwa kò fojú tẹ́ńbẹ́lú èèwọ̀ yìí. Lójú tiwa, ó ń dáàbò bo iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́ fàájì. Àlọ́ tí ó bá sì jẹ àkókò ẹ̀kọ́ gan-an ti rú u. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì balẹ̀, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ń bẹ, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni kí ó ti kọ́kọ́ dán an wò.