Nọ́ọ̀tì Ni Kí Ẹ Fi Dè É

Bí mo bá ti dojú láptọ́ọ̀pù kan dé sórí tábìlì, kí n tó mú irinṣẹ́ kankan, màá kọ́kọ́ fi ìka pa ìdí rẹ̀ láti igun dé igun. Nọ́ọ̀tì ni mò ń wá. Àwọn tó hàn sójú rọrùn. Àwọn tí wọ́n fi rọ́bà ẹsẹ̀ bò àti àwọn tó sá sábẹ́ ìwé àlẹ̀mọ́, ìka ló ń rí wọn. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Ìkejà, nínú ọjà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village, ìdí láptọ́ọ̀pù ni mo sì fi ń mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é. Ẹni tó fi nọ́ọ̀tì dè é ti gbà pé lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn máa tú u. Ẹni tó fi àtè lẹ̀ ẹ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù fún oṣù mẹ́rin. Ìwé ni mo ń yà. Màá ya ìdí láptọ́ọ̀pù sórí ìwé, bí mo bá sì ti tú nọ́ọ̀tì kan, màá gún un mọ́ ojú ibi tó ti wá lórí ìwé náà. Ìdí ni pé nọ́ọ̀tì kò gùn dọ́gba: òmíràn tó wóró ìrẹsì kan, òmíràn ò tó ìdajì rẹ̀. Ẹ ti èyí tó gùn bọ ihò èyí tó kúrú, ẹ dè é le, ó ti gún bọ́ọ̀dù nìyẹn, wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ti já nínú rẹ̀. Mo ti pa bọ́ọ̀dù oníbàárà kan báyìí rí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi san owó rẹ̀, àtìgbà náà ni mo ti ń rí nọ́ọ̀tì bí nǹkan tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún.

Láptọ́ọ̀pù tí mo fẹ́ràn jù láti tú ni ThinkPad T480, èyí tó jáde ní 2018. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́jà wa, àwọn tí ọ́fíìsì òkè òkun ti lò kí wọ́n tó kó wọn wá. Bátìrì méjì ló máa ń ní: ọ̀kan wà nínú, èkejì wà níta lábẹ́ ìdí, ìka méjì péré ló ń yọ ọ́. Bí iná bá lọ tí ti ìta sì tán, ẹ lè fà á yọ kí ẹ ti òmíràn bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ò ní kú, torí ti inú á máa gbé e ró títí tẹ́ ẹ fi máa ṣe tán. Ihò RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí ẹ̀rọ, jẹ́ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí agbára rẹ̀ ò ju 8GB lọ lónìí lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ fún òmíràn. Bí àwọn èèyàn wa ṣe ń kọ́lé náà nìyẹn: ìpìlẹ̀ lọ́dún yìí, búlọ́ọ̀kù lọ́dún tó ń bọ̀, páànù nígbà tí owó bá wọlé. Ẹ̀rọ tó ṣeé kọ́ díẹ̀díẹ̀ ló bá wa mu.

Mọ́mì kan tó ń ta aṣọ gbé èyí tó yàtọ̀ wá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì nínú ààrò. Bátìrì ló wú, wọ́n sì ti fi àtè lẹ̀ ẹ́ pinpin. A kì í fi irin hú bátìrì tó bá ti wú, torí ó lè gbiná mọ́ni lójú. Ṣe ni mo ń kán spírítì sábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí mo wá ń fi okùn ìpẹja rẹ́ àtè náà, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, fún wákàtí kan ó lé. Nígbà tó fi máa jáde, ẹ̀rọ náà kò tàn. RAM ló ti kú, ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ló kú ni, ọmọ mi?"

"Rárá, Mọ́mì. Nǹkan kékeré tí ò ju èékánná yín lọ ló kú. Wọ́n kàn ti jó o mọ́ ìyókù ni."

Ibi tí ẹ̀rọ náà ń tọ́jú nǹkan sí, wọ́n ti jó ìyẹn náà mọ́ bọ́ọ̀dù. Àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà Mọ́mì fún ọdún mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ká ní ó ṣeé yọ ni, ǹ bá fà á yọ, ǹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ mìíràn kí Mọ́mì tó mu omi tútù tán.

Àmọ́ kì í ṣe ìwà ìkà ni gbogbo ẹni tó jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù ń hù. Bí RAM bá ṣe sún mọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ń yá tó, tí kì í sì í jẹ bátìrì púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Framework tí Nirav Patel dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé torí àtúnṣe gan-an ló ṣe dá a sílẹ̀, jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù nínú Framework Desktop tí wọ́n gbé jáde ní 2025. Wọ́n ní àwọn gbìyànjú títí, kò ṣeé ṣe pẹ̀lú irú eré tí ọpọlọ ẹ̀rọ náà ń sá. Mo gbà wọ́n gbọ́, ó sì dùn mí. Ibi tí ọkàn mi wà báyìí ni LPCAMM2, RAM pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ bọ́ọ̀dù. JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń fìdí ìlànà múlẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe RAM, gbé ìlànà CAMM2 jáde ní ìparí ọdún 2023, ThinkPad P1 ti ọdún 2024 sì ti ń lò ó. Nọ́ọ̀tì tún padà síbi tí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù ti lé e kúrò.

Bí wọ́n bá ní kí èmi náà wá sọ ohun tí mo fẹ́, ihò ṣájà ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Nílùú tí iná ń lọ tó ń bọ̀, kò sí ibi tó ń jìyà lára láptọ́ọ̀pù tó o. À ń tì í, à ń fà á yọ, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Láti 28 oṣù Kẹrin 2026, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ lè gba iná láti ojú USB-C. Inú mi dùn sí i, torí ṣájà kan á máa bá gbogbo ẹ̀rọ mu. Ṣùgbọ́n ihò kékeré yẹn náà ló wá ń gbé gbogbo ẹrù báyìí; bí wọ́n bá jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá, tó bá ti mì, bọ́ọ̀dù ńlá la máa tún ṣe. Ẹ gé e lọ́tọ̀. Ẹ fi í sórí bọ́ọ̀dù tirẹ̀, bí ìka méjì ní fífẹ̀, kí n lè pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni pààrọ̀ ìtẹ̀lẹ̀ bàtà. Káàdì tó ṣeé yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù Framework ti sún mọ́ ohun tí mò ń wí.

Mo tún fẹ́ asẹ́ tó ń gba eruku ọyẹ́ sílẹ̀, kó ṣeé fà yọ kí á fi omi fọ̀ ọ́. Mo sì fẹ́ bátìrì tí a lè pààrọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ MNT ní Berlin ti ṣe é nínú láptọ́ọ̀pù Reform wọn: ẹyọ bátìrì 18650 mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, tò bíi bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ oníbàárà mi kan gbé Framework 13 rẹ̀ bọ̀ láti London. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ó sì ti ra ojú tuntun dání. Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo ní kó tú u. Ó tẹ́ ìwé, ó ya ìdí ẹ̀rọ náà sí i dáadáa, ó tú nọ́ọ̀tì márààrún, ó wá rọra dà á sí àtẹ́lẹwọ́ kó lè gbà wọ́n, bí mo ṣe kọ́ ọ. Kò sí èyí tó bọ́. Ó gbọ̀n ọ́n díẹ̀.

"Ọ̀gá, wọn ò já bọ́ o."

"Wọn ò ní bọ́," mo ní. "Ẹni tó ṣe é ló ní kí wọ́n dúró síbẹ̀."

A ṣí i. Orúkọ wà lára gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà ń kà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ká ìwé tó yà, ó fi í sápò.